Ìdajì Ìwé Ìbídùn

Lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, Moṣọpẹ́ ò lè ránṣọ mọ́. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní ní Pòrògun, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò sì tẹ nǹkan kan. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ga gègèrè lórí tábìlì. Àwọn ìyá ọmọ ń pè é lórí fóònù, ó ń dá wọn lóhùn pé lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la. Kì í ṣe irọ́ aránṣọ tí gbogbo wa mọ̀ yẹn o. Ó dá a lójú pé ọ̀la ń bọ̀, òní gan-an ni kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ìwé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí rẹ̀, nínú ọ̀rá dúdú tí awakọ̀ kan fi gbé e fún un ní Gáréèjì Ìbàdàn láàárọ̀. Ìtùnú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló bá a wá a rí. Nọ́ọ̀sì ni Ìtùnú nílùú òyìnbó, ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́, inú agbo àwọn tó fẹ́ràn ìwé Yorùbá lórí Wásáàpù lẹ ti máa bá a. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé ìyá òun ń wá ìwé kan láti kékeré, pé ìyá náà ò mọ orúkọ ìwé, kò mọ ẹni tó kọ ọ́, pé ohun tó mọ̀ ò ju pé ọmọ atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbídùn, tó ń gbé létí ọ̀sà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Tíì tí Ìtùnú gbé kaná ò tíì hó tí ẹnì kan fi dáhùn láti Ìbàdàn pé Èbúté Kejì ni ìwé yẹn, pé ó wà nínú àpótí bàbá òun, pé ta ni kí òun fi í ránṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ohun tí obìnrin kan ti ń bi gbogbo olùtàwé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, ife tíì kan ò gbóná tán tó fi yanjú.

Ẹ ó máa béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń fẹ́ràn ìwé tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́pà ló fà á.

Ní Òdogbolú, nígbà tí Moṣọpẹ́ àti Fàtímọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé, ìyá kan máa ń ta ẹ̀pà yíyan lẹ́nu ọ̀nà iléèwé wọn, ìwé àlòkù ló sì fi ń dì í. Lọ́jọ́ kan, Moṣọpẹ́ ra ẹ̀pà, Fàtímọ̀ bá a jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó tẹ́ bébà tí wọ́n fi dì í sórí eékún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bó ṣe kà á dé ìsàlẹ̀ ló dìde, ó padà lọ bá ẹlẹ́pà, ó ní níbo ni ìyókù wà. Ìyókù wà lábẹ́ àtẹ. Èèpo ìwé ti lọ, àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ti bá ẹ̀pà lọ sílé onílé. Wọ́n bẹ ìyá náà títí, ó ní kí wọ́n sanwó ẹ̀pà tí òun ìbá fi dì, kí wọ́n sì máa gbé pálapàla wọn lọ. Moṣọpẹ́ ló sanwó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fàtímọ̀ ní òun lòun rí ìwé. Moṣọpẹ́ ní owó òun ló rà á. Ilé wọn kọ ẹ̀yìn síra, ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín. Bàbá Moṣọpẹ́ jẹ́ olùkọ́ ìjọ, bàbá Fàtímọ̀ jẹ́ oníṣòwò aṣọ tó máa ń lọ sókè Ọya, tí kì í sì í tètè dé. Láti kékeré ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ń fo ọgbà yẹn láì wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìjà ìwé yìí, ó le. Wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fi pamọ́ síra wọn, ariwo wọn sì dé etí ìyá Moṣọpẹ́ níbi tó ti ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò mọ ìwé kà. Nọ́ńbà tó wà lára téèpù nìkan ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ẹ gbé e wá," ló wí.

Wọ́n rò pé ó fẹ́ fi pamọ́ ni. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó fi wọn ẹ̀gbẹ́ ìwé náà bí ẹni ń wọn ìbàdí oníbàárà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an, ó mú abẹ, ó sì la ìwé náà láti ẹ̀yìn gbọọrọ. Àwọn ọmọ méjèèjì figbe ta. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fi abẹ́rẹ́ ìránpò àti òwú tó ti fi àbẹ́là pa rán ẹ̀yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan, ó wá fi àjákù ańkárá kan náà ṣe èèpo fún méjèèjì, ańkárá aláwọ̀ ewé tí ẹyẹ pupa wà lára rẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, ó jù wọ́n sókè díẹ̀ bí ẹni ń díwọ̀n iṣu.

"Wọ́n dọ́gba," ló wí. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo gbè sẹ́yìn ọmọ mi. Ẹni tó bá sì tún pariwo nínú yín, màá gé e sí mẹ́rin."

Ó dọ́gba lóòótọ́. Ohun tí Ìyá Aránṣọ ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í parí síbi tí téèpù bá parí sí. Àárín ọ̀rọ̀ ẹnì kan ló là kọjá. Nígbà tí àwọn ọmọ fi hàn án, tí wọ́n ń sunkún pé ẹni yìí fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti bá ìdajì kejì lọ, ó wò wọ́n bí ẹni wo àwọn tí orí wọn ò pé. Ó ní aṣọ tí òun bá gé, òun náà ló ń rán an pọ̀. Kí àwọn náà lọ rán tiwọn pọ̀.

Bí wọ́n ṣe fa ẹyọ ìgbálẹ̀ nìyẹn, láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yan. Fàtímọ̀ fa èyí tó gùn, ó sì mú ìdajì ìkẹyìn, nítorí kò ní sùúrù rárá, ọmọ tó máa ń jẹ ẹran kó tó jẹ ìrẹsì ni. Wọ́n búra lẹ́bàá ọgbà pé ẹnì kankan ò ní sọ tirẹ̀ fún ẹnì kejì. Bí wọ́n bá kà á tán, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ sí ọwọ́, wọn ò ní fi rán ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìyá tàbí bàbá.

Ẹ wá wo yẹ̀yẹ́. Fàtímọ̀ á jókòó sẹ́yìn nínú kíláàsì, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Áà, Ìbídùn," á sì mirí bí àgbàlagbà. Bí Moṣọpẹ́ bá wò ó, á ní, "O ò mọ nǹkan kan." Moṣọpẹ́ náà á dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà, o ò mọ ẹni tó bí i." Èyí sì máa ń dun Fàtímọ̀ wọra, nítorí òótọ́ ni. Ó mọ ibi tí Ìbídùn dé, kò mọ ibi tó ti wá.

Nínú ìdajì Moṣọpẹ́, bàbá Ìbídùn tu ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí èbúté tó wà lódìkejì, kò sì padà. Ìbídùn dàgbà, ó ní òun fẹ́ lọ wá a. Ìyá rẹ̀ kọ̀, ó kọ̀, ó kọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà sìn ín dé etí omi fúnra rẹ̀. Ìbídùn ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ìgbà wo ni kí n máa retí ẹ?" Ìbídùn yíjú padà, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní.

Ó parí síbẹ̀. Lẹ́yìn "ó ní", ańkárá ló kù.

Moṣọpẹ́ sáré kà á tán kí ọjọ́ pàṣípààrọ̀ tó pé. Ó ku ọ̀la tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ni àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin bá mú un lọ sí Ayépé láti lọ bá Ìyá Aránṣọ gbé aṣọ ìgbéyàwó kan fún oníbàárà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ó fo ọgbà bó ṣe máa ń fò ó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà ní títì. Ìyá àgbà tó kù nínú ilé náà sọ fún un pé bàbá Fàtímọ̀ ti fi mọ́tò ránṣẹ́ láti Kàdúná, pé ó ti rí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ máa bọ̀, wọ́n sì ti lọ.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìwé tirẹ̀ lábẹ́ apá.

Ohun tó mú un lọ́kàn jù kì í ṣe pé Fàtímọ̀ lọ. Ó gbà pé Fàtímọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbà pé gbogbo ẹ̀rín músẹ́ inú kíláàsì yẹn, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ ni, tó sì fẹ́ gbé ìparí ìwé lọ mọ́ ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa béèrè, wọ́n ní ó ti lọ́kọ, ìyá àgbà ti kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ilé ọkọ rẹ̀ sí ibì kan pàtó.

Ìdajì ìwé náà wá di ẹni tó ń bá a gbé. Ó tẹ̀ lé e dé ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó tẹ̀ lé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tó fẹ́ Adélékè, tí Adélékè sì máa ń bi í tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ṣé òun tàbí ìwé ẹlẹ́yẹ yìí ni ọkọ. Ó máa ń kà á lọ́dọọdún, nígbà òjò, bí àwọn oníbàárà ò bá jáde. Gbogbo ìgbà tó bá sì dé "ó ní", ó máa ń bá Ìbídùn parí rẹ̀. Ní kékeré, "Ọ̀la ni màá dé" ni Ìbídùn máa ń sọ. Lẹ́yìn tí Fàtímọ̀ lọ, fún ọdún púpọ̀, "Mi ò padà wá mọ́" ló ń sọ. Nígbà tí oyún Ìtùnú wà nínú rẹ̀, ó ní "Ẹ má sunkún." Ọdún tí Adélékè kú, ó ka ìwé náà dé ibẹ̀, ó dúró, ó dúró, Ìbídùn ò sọ nǹkan kan rárá.

Ìdajì ìwé yìí náà ló fi tọ́ Ìtùnú. Ìtùnú á dùbúlẹ̀ lórí àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì, ìyá rẹ̀ á máa kà á lókè, bí wọ́n bá sì dé "ó ní", àwọn méjèèjì á jọ dákẹ́, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí Ìtùnú ń lọ sílùú òyìnbó, ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Moṣọpẹ́ láìmọ̀. Ó ní, "Ìgbà wo ni kí n máa retí ẹ?" Ìtùnú dì mọ́ ọn, ó ní, "Láìpẹ́, Màámi." Moṣọpẹ́ wọ mọ́tò padà sílé, ó sì mọ̀ dájú pé láìpẹ́ kọ́ ni Ìbídùn sọ.

Ó ti wá dé wàyí. Odindi ìwé, èèpo pé, orúkọ pé, ìbẹ̀rẹ̀ pé, ìparí pé.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé ìdajì tirẹ̀ jáde, ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wá ojú ewé tí tirẹ̀ parí sí nínú ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bó ṣe rí "ó ní" nísàlẹ̀ ewé ló gbójú kúrò kíákíá, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá ẹni tó ń wẹ̀. Ó fa pínnì bíi mélòó kan yọ nínú tìmùtìmù abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n gún gbogbo ojú ewé tó kù pọ̀ létí, bí ó ṣe máa ń fi pínnì di aṣọ tí kò tíì tó àsìkò láti rán.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò kà rí láyé rẹ̀, ìyẹn àwọn ewé tó bá ẹ̀pà lọ. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ fún èèyàn bí wọ́n ṣe bí i. Nínú àwọn ewé yẹn ló ti rí i pé ìyá Ìbídùn ní orúkọ, Ọ̀ṣọ́wálé ni wọ́n ń pè é, pé ó ti jẹ́ ọ̀dọ́ rí, pé òun náà ti fẹ́ kọjá ọ̀sà rí kó tó lóyún. Moṣọpẹ́ ka ìyẹn tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún.

Ó wá tún ka apá tó mọ̀ lórí. Àbí apá tó rò pé òun mọ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, Ìbídùn ń di ẹrù rẹ̀ nínú òkùnkùn, ìwé sì sọ pé ìyá rẹ̀ sùn bí igi. Láti kékeré ni Moṣọpẹ́ ti ń bínú sí ìyá yìí. Irú ìyá wo ló ń sùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ? Ṣùgbọ́n ewé tó tẹ̀ lé e ló tún sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí, pé nígbà tí Ìbídùn nawọ́ sí ẹrù rẹ̀ láàárọ̀, ẹja yíyan wà lórí rẹ̀, wọ́n fi ewé dì í, ó ṣì gbóná. Moṣọpẹ́ ti ka ẹja yẹn láìmọye ìgbà. Ẹja lásán ni lójú rẹ̀. Ní ọ̀sán yẹn ní Pòrògun ló tó yé e pé ẹni tó sùn bí igi kì í yan ẹja. Ìyá náà ò sùn rárá. Ó dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó ń gbọ́ gbogbo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rọra gbé ẹsẹ̀ kó má bàa jí i.

Ó rántí alẹ́ tí Ìtùnú ń di ẹrù. Òun náà dùbúlẹ̀, ó di ojú.

Mobọ́lájí tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wá bèèrè iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a tó ń sunkún, ó bi í ta ló kú. Moṣọpẹ́ ní kò sẹ́ni tó kú, ẹja ni. Mobọ́lájí wo ibí, ó wo ọ̀hún, kò rí ẹja kankan, ó sì rọra padà síbi tó ti wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìtùnú pè. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ni Ìbídùn sọ. Ìyá rẹ̀ ní òun ò tíì kà á débẹ̀. Ìtùnú ní báwo, ìwé tó ti dé láti ọjọ́ mélòó kan. Moṣọpẹ́ wá sọ fún un nípa pínnì.

Ìtùnú rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà wá dẹwọ́. "Màámi, ìwé ti pé. Ẹ kà á."

"Kò tíì pé," ni Moṣọpẹ́ dá a lóhùn. "Èmi nìkan kọ́ ni mo ni ín."

Ìtùnú ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìyá òun ń ṣe ní Pòrògun, kí wọ́n lọ bèèrè rẹ̀ ní Òdogbolú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá sọ pé Fàtímọ̀ ti kú, kí wọ́n yọ pínnì. Bí ó bá wà láàyè, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Moṣọpẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lọmọ òun sọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kó yọ pínnì náà nítorí pé kò sẹ́ni tó kù tí yóò bi í pé kí ló dé.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Òdogbolú. Ọgbà àtijọ́ ti wó, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn tí ọmọdé ò lè fò. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ṣílẹ̀kùn ilé náà, Haneef, ọmọ ẹ̀gbọ́n Fàtímọ̀ ọkùnrin, tó padà wá gbé ilé bàbá wọn. Moṣọpẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀, ó ní òun jẹ́ ọmọ Ìyá Aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà níjọ́sí, òun ń bèèrè ẹni kan tó ń jẹ́ Fàtímọ̀. Haneef tẹjú mọ́ ọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ló wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ní apá ìṣáájú?"

Haneef gbé àga fún un. Ó ní gbogbo àwọn ni Àlhájà Fàtímọ̀ ti sọ ìtàn yẹn fún, pé ó wà ní Kàdúná, pé ara rẹ̀ le, àfi ojú tó ń dùn ún. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀.

Moṣọpẹ́ ò pè é ní Òdogbolú. Ó gbé nọ́ńbà náà wá sílé bí ẹni gbé ẹyin. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó pè é láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ti kọjá tán. Ohùn tó dáhùn ti dẹ̀, ó ti ní ìró òkè Ọya díẹ̀ nínú. Moṣọpẹ́ dárúkọ ara rẹ̀, ó ní òun ni ọmọ Ìyá Aránṣọ.

"Ṣé o ṣì ń bínú?" ni Fàtímọ̀ wí.

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe tú jáde. Fàtímọ̀ ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rárá. Mọ́tò ló jí àwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lọ́wọ́, òun gbé ìdajì tòun, òun fo ọgbà. Ìyá Aránṣọ ní Moṣọpẹ́ ti lọ sí Ayépé, ó nawọ́ sí ìwé náà, ó ní kí òun gbé e sílẹ̀ fún un. Òun ò gbé e sílẹ̀. Àwọn ti búra pé láti ọwọ́ sí ọwọ́ ni, kí àwọn má fi rán ìyá. Òun gbé e padà, òun wọ mọ́tò, òun sì sunkún láti Òdogbolú dé Ìlọrin, ìyá òun rò pé ebi ló ń pa òun.

Ìyá Moṣọpẹ́ ò sọ ọ́ fún un rí. Ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé ni. Ìwé lásán ni lójú rẹ̀, tó ti gé, tó sì ti rán.

Fàtímọ̀ ní ilé tí àwọn ń gbé jóná lọ́dún kan, iná mànàmáná ló fà á, ìdajì tòun sì bá a lọ, ẹyẹ àti gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dun òun jù, nítorí òun ti mọ̀ ọ́n lórí pátá. Ohun tó ń dun òun ni ojú òun báyìí, tí kò lè ka ohunkóhun mọ́, tí apá ìṣáájú sì wà níbì kan láyé tí òun ò ní lè kà láéláé. Ó wá bèèrè ohun tó ti fẹ́ bèèrè láti ìgbà èwe. Ó bèèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti gbà pé wọ́n ti borí òun nínú eré.

"Moṣọpẹ́, ta ló bí i?"

"Jókòó dáadáa," ni Moṣọpẹ́ wí. "Màá kà á fún ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí Fàtímọ̀ bá kírun Alásárì, títí di ìgbà tí wọ́n bá ń pe Mọ̀gàríbà ní mọ́sálásí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán níbí, tí ti Kàdúná á sì ti pè ṣáájú. Ó gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tẹ ohùn rẹ̀ sókè, ó gbé ìwé náà lọ́wọ́ méjèèjì. Mobọ́lájí gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ ògiri, ó ní atẹ́gùn ló fẹ́ gbà. Fàtímọ̀ ń dá sí i láti Kàdúná bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Nígbà tó gbọ́ ìdí tí Ìbídùn fi lọ, ó ní, "Èé ṣe tí kò sọ ọ́? Mo ti ń pè é ní aláìmoore láti ọdún yìí wá." Nígbà tí wọ́n dé ibi ẹja, ó ní kí Moṣọpẹ́ tún un kà. Moṣọpẹ́ tún un kà. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ojú ewé ṣe ń dín kù sí ibi pínnì ni Moṣọpẹ́ ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹnu ń ro òun. Ó ní ojú ọ̀run ti ṣú. Fàtímọ̀ ò bá a jà. Òun náà kì í kánjú mọ́, ọmọ tó máa ń jẹ ẹran kó tó jẹ ìrẹsì.

Ní ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ọ̀nà mọ́, kò sí ariwo púpọ̀. Moṣọpẹ́ kà á dé etí omi. Ó ka bí ọkọ̀ ṣe ń mì, bí Ìbídùn ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Ó ka ìbéèrè ìyá.

"Ìbídùn yíjú padà," ló kà, "ó wo ìyá rẹ̀, ó ní."

Ó dúró. Ìka rẹ̀ wà lórí orí pínnì. Kò fà á.

"Ẹ má ti ilẹ̀kùn," ni Fàtímọ̀ wí.

Ó ní ohun tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ nínú ìdajì tòun nìyẹn, pé òun ò mọ ẹni tó sọ ọ́ rí, òun ò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún, òun kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni, bí ẹni tó dé nígbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán. Moṣọpẹ́ sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ti ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ohun tó ti fi sẹ́nu ọmọ yẹn láti ọdún yìí wá, kò ronú kan èyí. Ó wá rọrùn tó báyìí.

Ó bèèrè ìyókù. Fàtímọ̀ ní ìyókù wà lórí òun, kò fò kan, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ sí ọwọ́ làwọn búra, òun ò sì ní sọ ìyẹn lórí fóònù. Ó ní òun ń bọ̀ wálé, bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún òun tán, bí ara ọkọ òun tó ń ṣàìsàn bá yá díẹ̀, bí ọ̀nà bá dára. Moṣọpẹ́ gbọ́ gbogbo àwọn "bí" wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọdé mọ́. Kàdúná jìnnà.

"Fàtímọ̀," ló wí, "ìgbà wo ni kí n máa retí ẹ?"

Ó rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Má ti ilẹ̀kùn," ni Fàtímọ̀ wí, wọ́n sì pe Mọ̀gàríbà ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dìde lọ kírun.

Mobọ́lájí ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé, ó kí i pé ó dàárọ̀. Moṣọpẹ́ ká aṣọ, ó da nǹkan bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi ìdajì ẹlẹ́yẹ bọ inú odindi ìwé náà, pínnì ṣì wà lára rẹ̀, ó kó wọn sínú báàgì. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tì í. Ó wo ọ̀nà sókè níbi tí àwọn mọ́tò Ìbàdàn àti ti òkè Ọya ti ń yà wọ̀lú, iná wọn ń tàn lórí ọ̀nà tútù. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé ilé ni òun ń lọ.